Ìbéèrè Tí N Kò Bi Káyọ̀dé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ọyẹ́ ti dé sí Ìṣẹ́. Ètè mi ti gbẹ, gìgísẹ̀ Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là bó ṣe máa ń là lọ́dọọdún. Orí àga onírin yín ni mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí ẹ fi okùn rọ́bà hun fúnra yín. Okùn ẹ̀gbẹ́ òsì ti já, Màmá ò sì jẹ́ ká pe ẹni tó máa tún un ṣe. Ó ní bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kò bá rọ̀ lọ́rùn kó lọ jókòó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Wọ́n dá mi padà sí iléèwé! Èmi yìí, tí mo ti lé lógójì ọdún, tí ewú ti ń yọ níwájú orí mi, mo gbé báàgì, mo ra bírò tuntun, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní Adó fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo rántí yín títí. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, kò sí ọjọ́ tí mo dé tí ẹ kì í gba ìwé mi. Ẹ ó kọ́kọ́ fọ ẹrẹ̀ oko kúrò lẹ́sẹ̀ níbi dúrọ́ọ̀mù omi, ẹ ó nu ọwọ́ yín mọ́ ṣòkòtò, ẹ ó wá máa ṣí ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ ò mọ̀wé kà ju orúkọ yín lọ. Síbẹ̀ ẹ ó máa mi orí, ẹ ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, èyí dáa.” Lọ́jọ́ kan, ojú ewé tí tíṣà fi bírò pupa kọ òdo gbàǹgbà sí lẹ ní ó dáa jù, nítorí pé ó pọ́n. N kò lè sọ òótọ́ fún yín. Mo jẹ́ kí ẹ máa yọ̀.

Nígbà tí mo di lọ́yà tán, tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìkéré, ẹ tún ní tiyín. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tí mo bá ń bọ̀ nílé, mo máa ń bá yín ní gáréèjì Ìṣẹ́. Ẹ ò ní gbà láé pé èmi lẹ wá dúró dè. Ẹ ó ní orógbó lẹ wá rà. Bàbá, orógbó wo ni èèyàn ń rà fún wákàtí méjì? Mo ṣì máa ń wo ibẹ̀ tí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú mi á kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ mọ irú ẹjọ́ tí mò ń ṣe. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, tí kò ní agbára àtigba lọ́yà, kóòtù ló máa ń yan ọ̀kan nínú wa fún un. Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé gbogbo ará Ìṣẹ́ lẹ sọ fún pé lọ́yà àwọn aláìní ni ọmọ yín. Ní báyìí, wọ́n ti wá ṣòfin pé lọ́yà tí kò bá wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé àwọn tí kóòtù lè yàn. Kí n má purọ́ fún yín, mo kùn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń dúró níwájú adájọ́.

Ìyá àgbà kan ni olùkọ́ wa, lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wọ ìró àti bùbá, ó sì wọ bàtà kánfáàsì funfun sí i. Àwa tí a wá láti Ìkéré, Ẹmùré àti Ìṣẹ́ jókòó sẹ́yìn, à ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, à ń fojú wá ibi tí wọ́n gbé kúlà oúnjẹ sí. Àfi bí ìyá yìí ṣe ní ká pín ara wa ní méjì-méjì, kí ẹnì kan ṣe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí ẹnì kejì ṣe lọ́yà rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́yà mi, ọkùnrin aláwàdà kan láti Ẹmùré, gbé ìwé lọ́wọ́, ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní ọjọ́ orí, ó bi mí bóyá mo ní ẹni tó lè dúró fún bélì mi. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí a máa ń bi wọ́n nìyẹn. Ìyá yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán. Ó ní, “Ọmọ yìí ti jókòó sílẹ̀ látàárọ̀. Ta ló bi í bóyá ó ṣe é?”

Bàbá, ọkùnrin Ẹmùré yẹn rọra pa ìwé rẹ̀ dé.

Ó wá ní kí kálukú kọ orúkọ ẹni tó gbà níyànjú kẹ́yìn pé kó lọ gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ní ká kọ ohun tí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé ó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ orúkọ yẹn. Mo kọ “Káyọ̀dé”. Mo fa ìlà sí i nídìí. Mo gbé bírò sókè, n kò rí nǹkan kan kọ. Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan!

Ẹ ò mọ Káyọ̀dé, lẹ́yìn tí ẹ papò dà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ọ̀rún ni, ọlọ́kadà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì níyàwó. Wọ́n ní ó jí àpò kòkó méjì lóko àgbẹ̀ kan, ó sì gbé e sórí ọ̀kadà rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú kóòtù ni mo ti rí i kí wọ́n tó pe ẹjọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá sì dúró tì wá. N kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ rẹ̀, torí mo ní ẹjọ́ mẹ́ta mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ka ìwé ọlọ́pàá, mo rí i níbẹ̀ pé ó ti dọ̀bálẹ̀ fún olóko, ó sì ti ní kó forí ji òun. Mo ní, “Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?” Ó ní, “Mo ti bẹ̀ wọ́n, àǹtí.” Mo ní tó bá dé iwájú adájọ́, kó gbà, kó sì tún bẹ̀. Mo ní adájọ́ náà lọ́mọ, á ṣàánú rẹ̀, bóyá á kàn ní kó gé koríko ọgbà kóòtù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo tiẹ̀ pa òwe tí ẹ fẹ́ràn fún un, pé ẹni tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀.

Adájọ́ ọjọ́ yẹn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ó ní olè kòkó ti pọ̀ jù, òun máa fi ti Káyọ̀dé kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n. Ọdún méjì! Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Adó. Ìyá rẹ̀, opó ni, fi gèlè bo ojú, kò sunkún síta. Mo sọ fún un pé ó ṣe mí láàánú. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fáìlì mìíràn.

Bàbá mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ “ṣé o ti bẹ̀ wọ́n”.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí iná jó oko kòkó Bàbá Jídé, ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Irú ọyẹ́ yìí náà ni. Ibi tí a ti ń sun ìgbẹ́ fún ebè iṣu ni iná náà ti ya lọ sí tiwọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbà àdúgbò ránṣẹ́ pè yín. Mo tẹ̀ lé yín, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹ ti ṣí fìlà, ẹ ti na gbalaja sílẹ̀. Ẹ ní, “Uná tó bá ti oko mi jáde, uná mi ni. Ẹ forí jì mí.” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn àgbà yìn yín pé ẹ jẹ́ ọmọlúàbí. Odidi ọdún méjì lẹ fi bá Bàbá Jídé gbin kòkó mìíràn, tó jẹ́ pé oko rẹ̀ lẹ máa ń kọ́kọ́ yà kí ẹ tó dé tiwa.

Ìjà ò ṣẹlẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé sọ mí ní ọmọ ajóko. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan, ẹ gbé mi sórí itan, ẹ bó ọsàn fún mi, ẹ ní orúkọ tí kì í ṣe tẹni kì í pẹ́ lára ẹni. Ẹ ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò sì bi yín rí bóyá ẹ̀yin lẹ dá iná náà. Kí ló kù tí èèyàn tún fẹ́ béèrè? Ẹ ṣáà ti dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, n kò bá àwọn tó kù wọ ọkọ̀ Ìkéré. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo gbà lọ. Káyọ̀dé ti rù, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, kó jókòó. Mo ní, “Káyọ̀dé, ṣé o jí kòkó yẹn?”

Ó ní, “Rárá o, àǹtí. Mo rò pé ẹ mọ̀.”

Ó rò pé mo mọ̀! Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù ni mo ń kọ́ òun.

Ó wá ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èrò kan ló dá a dúró ní oríta Ọ̀rún lójúmọmọ, ó ní òun ń gbé ẹrù lọ sí Ìṣẹ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí àwọn tó ń ṣọ́ oko fi dá wọn dúró. Èrò fò bọ́ sílẹ̀, ó wọgbó lọ. Káyọ̀dé ò sá, nítorí kò mọ ohun tí ó fẹ́ máa sá fún. Olóko tó dé báyìí, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ló máa wà lórí ìdúró tí á máa bá ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ jiyàn? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n forí ji òun, nítorí pé ọ̀kadà òun ló gbé e. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́wọ́. Èmi lọ́yà rẹ̀ ka ìjẹ́wọ́ náà, mo ní kó lọ fi kún un.

Mo lọ sí oríta yẹn. Obìnrin kan ń sun iṣu tà níbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í wà níbẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ ha iṣu, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Mo rí ọkùnrin náà dáadáa. Òun àti ẹrù rẹ̀ ti wà níbí kí ọmọ yẹn tó gun ọ̀kadà dé. Kò sẹ́ni tó wá bi mí.” Mo ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́.

Àkókò tí òfin fún èèyàn láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti kọjá tipẹ́. Kí wọ́n tó lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn padà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ búra, kó ṣàlàyé ìdí tí aláìṣẹ̀ fi gbà pé òun jẹ̀bi. Ìdí náà kò jìnnà. Èmi ni. Mo gbọ́dọ̀ fi orúkọ mi, tó jẹ́ orúkọ yín, sínú ìwé ìbúra, kí n kọ ọ́ pé mo ti ẹni tí mò ń gbẹnu sọ fún wọ ẹ̀wọ̀n láì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n lè fìyà jẹ mí nídìí rẹ̀. Wọ́n lè yọ orúkọ mi. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà ní kí n má ya wèrè, kí n kọ ọ́ pé Káyọ̀dé ló purọ́ fún mi. Ta ló máa gba ẹlẹ́wọ̀n gbọ́ ju lọ́yà lọ?

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó, Bàbá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rò ó. Mo sọ fún Màmá lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn nípa ẹjọ́ kan. Màmá ní, “Ṣé o ò wulẹ̀ lè lọ bẹ adájọ́ nílé ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Màmá rò pé orí mi ti dàrú.

Mo búra. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, títí kan igi máńgòrò. Ìyá tó kọ́ wa ní Adó ní òun fúnra òun máa gba ẹjọ́ náà rò, ó sì wá pẹ̀lú kánfáàsì funfun rẹ̀. Kóòtù gíga ní Ìkéré kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti di lọ́yà ló wà níbẹ̀. Adájọ́ ka ọ̀rọ̀ mi síta, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n dìde, ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Aṣọ dúdú tí ẹ fi owó kòkó rà fún mi ló wà lọ́rùn mi. Wọ́n ti kọ ìwé sí mi pé kí n wá ṣàlàyé ara mi, n kò tíì mọ ibi tó máa já sí.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n dá Káyọ̀dé sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò jó, kò pariwo. Ó kàn lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni mo tó sunkún.

Àná ni mo wálé láti wá ròyìn fún Màmá. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń gbọ́, ó ń bó o lọ. N kò mọ ohun tó mú mi. Ó jọ pé ẹnu mi ò lè dákẹ́ ìbéèrè mọ́. Mo ní, “Màmá, lọ́jọ́ tí iná jó oko Bàbá Jídé, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá.

Ó ní ẹ ò sí lóko lọ́jọ́ náà. Ó ní Ìkéré lẹ wà, ẹ lọ ra bàtà iléèwé fún mi. Bàbá, mo rántí bàtà náà! N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni. Ó ní òun nìkan ló lọ sun ìgbẹ́, pẹ̀lú oyún àbúrò mi nínú, nítorí pé ìgbẹ́ tí ẹ ti ṣán ti gbẹ, òun ò sì fẹ́ dúró dè yín. Atẹ́gùn yí padà, apá òun ò ká a. Ìgbà tí ẹ dé, ẹ bá òun nínú eérú, ẹ ní kóun lọ wẹ̀, kóun má sì sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ Ẹmùré ni mí, ojú àlejò ni wọ́n ṣì fi ń wò mí nílùú yìí nígbà náà, wọn ì bá lé mi. Bàbá ẹ ní tí wọ́n bá bi òun léèrè, òun ò lè purọ́. Torí náà, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n béèrè.”

Bàbá.

Mo ti rò ní gbogbo ayé mi pé ẹ̀bẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn ni. Ṣé ó dùn yín nígbà tí wọ́n ń ṣọ́ yín bí ẹ bá ti dáná lóko? Ṣé ó ṣe yín bíi kí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo sunkún délé? Ká ní mo bi yín, ṣé ẹ ì bá dáhùn, àbí èmi náà lẹ ì bá dọ̀bálẹ̀ fún? N kò ní mọ̀ láé, ó sì ń ká mi lára.

Màmá ò sùn dáadáa. Láàárọ̀ yìí, ó ní òun ń lọ sí ilé Bàbá Jídé. Bàbá náà ti darúgbó, iwájú ilé rẹ̀ ló máa ń wà ní gbogbo ọjọ́. Màmá ní òun fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún un kí ikú tó mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. N kò sọ pé kó má lọ. Mo ní a jọ ń lọ ni. Ṣùgbọ́n mo ní tí a bá débẹ̀, a ó kọ́kọ́ jókòó. Ó máa ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti orí dé ìdí, á sọ ibi tí ẹ wà lọ́jọ́ náà, a ó sì jẹ́ kí Bàbá Jídé béèrè ohunkóhun tó bá fẹ́ béèrè. Tó bá ti béèrè tán, tí kò sí ìbéèrè kankan tó kù, àwa méjèèjì á wá kúnlẹ̀.

Màmá ti wọ bàtà, ó ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dárí jì wá pé a fẹ́ tú ohun tí ẹ fi ara yín bò.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.